Píà Tí Mo Fi Pọ́ǹpù Sọ Di Àgàn

Lọ́jọ́ tí Dáyọ̀ pè mí lórí fóònù pé kí n wá gé igi píà ìyá òun lulẹ̀, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, iṣẹ́ ti fà sẹ́yìn, igi ńlá bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbáko fún ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìgégi. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ti wà lọ́nà. Mo so ẹ̀rọ mi mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo sì forí lé ilé Màmá Olùkọ́, nítòsí ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù, níhìn-ín ní Ìwó.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ràsákì lorúkọ mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Ìwó tí ẹ ń béèrè Ràsákì, ilẹ̀ á ṣú bá yín lọ́nà. Ẹ béèrè Bàbá Pọ́ǹpù. Ọlọ́kadà tó bá kọ́kọ́ dúró ló máa gbé yín wá. Pọ́ǹpù tí mò ń wí ni ike ńlá tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọnmọ, tí a fi ń fín oògùn apakòkòrò. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń pọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, Bàbá Múfú, kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Òfin méjì péré ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́: kòkòrò tí o bá rí lára igi, pa á, igi tí kò bá so, gé e. Òfin méjì yìí ni mo fi fẹ́yàwó, òun ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ níléèwé. Ọdún tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo wá mọ̀ pé nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó pé.

Nígbà tí mo wọ inú ọgbà, Màmá Olùkọ́ ti gbé àga sí ìdí píà, wọ́n sì ti jókòó lé e. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ìdajì Ìwó ló gba abẹ́ ọwọ́ wọn kọjá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì wà lára àwọn tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin. Èèyàn kì í dàgbà tán lójú ẹni tó bá ti nà án rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ewé gbígbẹ.

"Ràsákì, kí lo so mọ́ ọ̀kadà yẹn?"

"Ẹ̀rọ ìgégi ni, mà."

"Ta ló rán ọ?"

"Ọ̀gá Dáyọ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ara mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo dìde, mo gbọn ewé kúrò láyà. Mo pe Dáyọ̀ padà, mo sì fi fóònù sí sípíkà kí n má bàa jẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ilé báńkì ni Dáyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, òun nìkan sì ni ọmọ tí Màmá bí. Kì í ṣe ọmọ burúkú rárá. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé inú kànga ni ìyá rẹ̀ ṣì ti ń fami, ẹ̀rù sì ń bà á pé ọjọ́ kan ni wọ́n máa ṣubú. Ó fẹ́ gbẹ́ omi ẹ̀rọ kó sì gbé táńkì sókè, ibi tí píà wà gan-an ni àyè gbà á nínú ọgbà náà.

"Màmá, ọdún kẹfà rèé tí igi yẹn ti ń tanná," Dáyọ̀ wí lórí fóònù. "Kò so ẹyọ kan rí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Dáyọ̀, ọdún mélòó ni mo lò nílé bàbá rẹ kí n tó bí ọ?"

"Ọdún mọ́kànlá," Màmá dá ara wọn lóhùn. "Àwọn kan wá bá bàbá rẹ pé igi tí kò so, gígé là á gé e. Wọ́n ní kó lé mi lọ, kó fẹ́ ẹlòmíràn. Ká ní ó gbọ́ tiwọn ni, ta ni ì bá máa fóònù mi láàárọ̀ yìí?"

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé èmi àti ẹ̀rọ mi mì. Dáyọ̀ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò burú, ó di ọjọ́ Àjíǹde. Bí píà bá so kí Àjíǹde tó dé, òun ò ní dá ẹnu lé e mọ́. Bí kò bá so, kí Màmá jẹ́ kí Bàbá Pọ́ǹpù ṣe iṣẹ́ wọn. Màmá ní òun gbà. Dáyọ̀ bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́.

Bí mo ṣe pa fóònù, Màmá kọjú sí mi. "Ìwọ lo mọ igi nílùú yìí. Kí ló ń ṣe é?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi mọ́ nìyẹn, nítorí pé kò sí ohun tí mi ò tíì ṣe fún igi náà. Mo ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí i nídìí. Mo ti kan ìṣó mọ́ ọn lára. Lọ́dún tó kọjá, a tiẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe: ẹnìkan á gbé àdá sókè bí ẹni tó fẹ́ gé igi náà, ẹnì kejì á máa bẹ̀bẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó, yóò so lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ni mo gbé àdá, Màmá ló ń bẹ̀bẹ̀. Igi gbọ́ tiwa, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo wá sọ fún Màmá pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, mò ń lọ béèrè.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò yá mi lára láti lọ. Olúpọ̀nnà ni wọ́n ń gbé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àpótí oyin ni wọ́n tò sẹ́yìn ilé báyìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Àǹtí Oyin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí kìlọ̀ rí pé oògùn tí mò ń fín sí oko àwọn ará Olúpọ̀nnà ń pa oyin àwọn. Mo rò nígbà yẹn pé ìjà ajé lásán ni. Ṣùgbọ́n píà méjì tó wà nínú ọgbà wọn, ọdọọdún ló ń so bí ẹni pé wọ́n ń sanwó oṣù fún un.

Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ṣé oyin máa ń bà lé e nígbà tó bá tanná?"

"Tẹ́lẹ̀ ni, Àǹtí. Kò sí mọ́ báyìí. Wọ́n ń ṣe ìpàdé àdúrà lábẹ́ igi náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn oyin sì ń da àwọn èèyàn láàmú."

"Ta ló lé wọn?"

"Èmi ni. Gbogbo Sátidé ni mò ń fín in títí òdòdó á fi tán."

Wọ́n wò mí. Obìnrin yìí kò pariwo, kò sì bú mi. Wọ́n kàn fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ọ̀kan nínú píà wọn, wọ́n tẹ ẹ̀ka kan wá sílẹ̀, wọ́n ní kí n tẹjú mọ́ òdòdó rẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fín oògùn sí òdòdó píà. N kò wo ẹyọ kan rí.

Òdòdó náà kéré, kò ju èékánná ọmọ ìka ọwọ́ lọ. Nínú rẹ̀ ni mo rí àwọn igi tín-tìn-tín tó dúró ṣánṣán, tí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò wà lórí wọn. Àǹtí Oyin fi ìka kàn án, ó sì lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ bí àtíkè. Wọ́n ní lẹ́búlẹ́bú yẹn ni nǹkan ọkùnrin. Bí kò bá dé orí ọ̀pá kékeré tó wà láàárín òdòdó mìíràn, èyí tó jẹ́ ibi tí abo ti ń gbà á, ọmọ kan kò ní sí. Ti píà sì tún ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Òdòdó kan náà á kọ́kọ́ là gẹ́gẹ́ bí obìnrin, á padé, ní ọjọ́ kejì á wá tún là gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin.

"Àǹtí, ẹ má fi mí ṣeré."

"Jókòó síbí títí di ìrọ̀lẹ́ kó o fojú ara rẹ rí i."

Mo jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i. Àwọn píà kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ ni òdòdó wọn ń ṣe obìnrin, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe ọkùnrin. Àwọn mìíràn wà tí tiwọn yí padà: àárọ̀ ni ọkùnrin, ọ̀sán ni obìnrin. Bí igi bá dá wà, ìgbà tí obìnrin rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin rẹ̀ ti sùn. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Oyin fi gbin oríṣi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí oyin sì ń ṣe alárinà láàárín wọn. Orí mi wú. Mo ń wo igi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ará ilé òun máa ń sọ̀rọ̀ bí òun bá ti jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ Ilé-Ogbó sọ sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin kan níbẹ̀ gbin ìbẹ́pẹ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ilé rẹ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ akọ. Gbogbo wa la mọ akọ ìbẹ́pẹ, òdòdó rẹ̀ á kàn máa rọ̀ dirodiro, kò ní so. Mo ní kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe, mo gé àwọn méjèèjì. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀lé e, òdòdó àwọn abo ń rẹ̀ dànù, ìwọ̀nba tó so kò sì tóbi ju ọsàn lọ. Ọkùnrin náà ní ayé ló ń bá òun jà. Ó ń ka orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ tó fura sí, ó ń ṣépè, èmi sì ń ṣe àmín. Èmi tí mo jẹ́ ayé ọ̀hún ni mo jókòó tì í tí mò ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Àǹtí Oyin ní kí n kọ́kọ́ lọ mọ irú èyí tí píà Màmá Olùkọ́ jẹ́. Mo gbé àkàsọ̀ ti igi náà fún ọjọ́ méjì, mò ń gòkè láàárọ̀, mò ń gòkè lọ́sàn-án. Láàárọ̀, ọ̀pá àárín ló dá dúró, àwọn igi tín-tìn-tín yòókù dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án, àwọn tó dùbúlẹ̀ ti dìde pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú lórí. Obìnrin àárọ̀ ni. Ọkùnrin àárọ̀ ló sì ń wá. Mo mọ ibi tó wà, ó wà nínú ọgbà Àǹtí Oyin ní Olúpọ̀nnà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láti orí àkàsọ̀ fún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ó sì korò. Mo lè dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, Sátidé á dé, Màmá á sì ránṣẹ́ pè mí pé kí n gbé pọ́ǹpù wá. Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde.

"Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe igi yín bẹ́ẹ̀. Àwọn oyin tí mò ń fi oògùn pa ni ì bá máa gbé lẹ́búlẹ́bú kiri inú òdòdó. Ọdún mẹ́fà ni mo fi pa wọ́n. Ẹ dárí jì mí, mà."

Mo ti ń wò ó pé wọ́n á lé mi jáde, gbogbo àdúgbò á gbọ́, àwọn ilé tó kù tí mò ń fín oògùn fún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi tiwọn náà. Màmá yọ awò ojú wọn.

"Ta ló ní kó o máa wá fín in?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ìpàdé àdúrà."

"Ìpàdé àdúrà," ni wọ́n tún un sọ. "Ràsákì, ṣé o mọ̀ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a fi ń gbàdúrà níbẹ̀ kí igi yìí lè so?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín sì mú èmi náà níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Wọ́n ní kí n dìde, pé èmi ni mo gbé pọ́ǹpù, àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí, àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Ẹnìkan ráhùn pé ibẹ̀ há, Màmá sì bi í bóyá Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà ibi tó há.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ní kùtùkùtù ni mo ti máa ń dé Olúpọ̀nnà. Èmi àti Àǹtí Oyin á gé ẹ̀ka tí òdòdó kún lára píà wọn, a ó ki ìdí wọn bọ inú korobá omi, n ó sì so korobá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà níbi tí pọ́ǹpù máa ń wà. N kò lè sáré kí omi má bàa dànù, n kò sì lè rọra jù kí àkókò má bàa kọjá. Àwọn ọlọ́kadà ojú ọ̀nà ń fọn fèrè sí mi. Ẹnìkan béèrè bóyá ìyàwó tuntun ni mò ń kó òdòdó lọ fún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dúró dè mí ní Ìwó, ó sì ti pé ẹni ọdún púpọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, pàbó ni. Ọyẹ́ ọjọ́ náà tutù dé egungun. Mo so ẹ̀ka náà káàkiri orí píà pẹ̀lú ike omi nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dúró. Òdòdó kò là, ti igi kò là, ti inú ike náà kò là. Nígbà tí oòrùn fi máa yọjú dáadáa, ó ti ń lọ sí agogo mọ́kànlá. Díẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò sí oyin kankan. Mo pe Àǹtí Oyin. Wọ́n ní ọyẹ́ máa ń dá òdòdó àti oyin dúró sílé, kí n má mikàn, kí n wá ìyẹ́ adìyẹ kan tó rọ̀.

Ẹ wá wo Bàbá Pọ́ǹpù lórí àkàsọ̀, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ra inú òdòdó kan, tó tún ń fi í kan inú òmíràn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi tìróò sójú ọmọ. Àwọn aládùúgbò dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. Ọwọ́ kan náà tó ń fín oògùn ni. Mo ṣe é lọ́jọ́ náà, mo ṣe é lọ́jọ́ kejì, ọrùn ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á ṣe fún mi.

Ọjọ́ kẹrin ni oòrùn mú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀ka tuntun tán ni, mo ń sọ̀ kalẹ̀, ni mo gbọ́ ìró kan lókè orí mi. Mo rò pé ẹ̀rọ amúnáwá ilé kejì ni. Mo gbójú sókè. Oyin ni. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Wọ́n ń bà lé òdòdó inú ike, wọ́n ń fò kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí òdòdó igi, itan wọn pọ́n fún lẹ́búlẹ́bú. Mo kígbe pe Màmá. Wọ́n jáde tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀, wọ́n dúró tì mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọ̀kan nínú àwọn oyin náà ta mí létí, etí mi wú bí àkàrà. Mo ní kò burú, wọ́n jẹ mí ní gbèsè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òdòdó gbẹ, mo sì gòkè lọ wò. Níbi tí òdòdó ti gbẹ, mo rí ohun aláwọ̀ ewé kan, kò ju orí ìṣáná lọ. Mo rí òmíràn. Mo rí òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ṣì í kà, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ yẹn kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí mo dé ilé Màmá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá ilẹ̀ tí ó kún fún àwọn ọmọ píà wẹ́wẹ́ tó ti já bọ́. Màmá ti ń ṣà wọ́n sínú abọ́. Mo pe Àǹtí Oyin lójú ẹsẹ̀.

"Mélòó ló kù lórí igi?" ni wọ́n béèrè.

"N kò tíì wò ó."

"Gòkè kó o wò ó. Igi kan kò lè tọ́ gbogbo ohun tó bá lóyún. Ó ń yan èyí tí agbára rẹ̀ ká ni."

Mo gòkè. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kéré sí ti àná, ṣùgbọ́n wọ́n wà, wọ́n sì di ara wọn mú dáadáa. Láti ọjọ́ náà títí di Àjíǹde, kò sí ọjọ́ kan tí n kò yà níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ká ní mo ń tọ́jú òun bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ì bá so èso.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni Dáyọ̀ dé láti Òṣogbo. N kò gbé ẹ̀rọ ìgégi dání. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí mi, ó gbójú sókè wo igi náà, kò sì rí nǹkan kan, nítorí pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọmọ píà, ọ̀kan náà ni. Mo ní kó gun àkàsọ̀. Ó bọ́ bàtà ilé báńkì sílẹ̀, ó gòkè. Ó pẹ́ lórí igi náà. Mo ń gbọ́ ọ tó ń kà á sábẹ́ èémí, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ṣì í kà bíi tèmi.

"Mẹ́tàdínlógójì," ló wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá Pọ́ǹpù, kí lẹ ṣe fún un?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Ó gbọ́ tán, ó rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyè wà lẹ́yìn ilé ìdáná bí wọ́n bá lè wó ilé adìyẹ àtijọ́ tó wà níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni táńkì máa wà. Màmá ní ilé adìyẹ yẹn ti yẹ ní wíwó tipẹ́. Dáyọ̀ wọlé lọ jẹun. Èmi dúró sí ìdí igi, mo fi ẹ̀yìn tì í, omi sì bọ́ lójú mi. N kò mọ ẹni tí mò ń sunkún fún, bóyá igi ni, bóyá èmi ni.

Mo ṣì ní pọ́ǹpù, iṣẹ́ mi náà ni. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá pè mí báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni bóyá igi náà ti tanná. Bí ó bá ti tanná, n kò ní wá. Àwọn oníbàárà kan ti torí ìyẹn fi mí sílẹ̀, wọ́n ní Bàbá Pọ́ǹpù ti ń ya ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Mo padà lọ sí Ilé-Ogbó, mo gbin akọ ìbẹ́pẹ kan fún ọkùnrin yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì sọ fún un pé kó yé ṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ lépè, pé èmi ni. Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìbẹ́pẹ rẹ̀ padà so, òun ló gbé méjì wá fún mi nílé.

Inú òjò ni píà Màmá Olùkọ́ gbó. Dáyọ̀ wá fún kíká rẹ̀. Bí a ṣe ká a tán, ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, ó gbé ọmọ igi píà kan jáde nínú ọ̀rá dúdú. Ó ti lọ bá Àǹtí Oyin fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin àárọ̀ ni, èyí tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi tó ń so mọ́ lára, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún máa gbé korobá òdòdó rìn láàárín ìlú. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ ní ibi tí mo fi hàn án. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi ṣíbí jẹ ààbọ̀ píà tí wọ́n bu iyọ̀ sí díẹ̀.

"Bàbá Pọ́ǹpù, ọdún mélòó ni èyí máa lò kó tó tanná?"

"Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin."

Ọkọ́ dúró. Dáyọ̀ gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀, ó ń wò wọ́n ṣáá. Mo mọ ìṣirò ọjọ́ orí tó ń ṣe lọ́kàn, nítorí pé èmi náà ń ṣe é. Màmá Olùkọ́ lá ṣíbí wọn mọ́, wọ́n gbé e kalẹ̀ sínú àwo.

"Kí lo ń wò mí fún?" ni wọ́n wí. "Gbẹ́ ihò yẹn jìn."